Àdìrẹ tí mo fi ń pa ìrònú rẹ́ ti ń sú mi látìgbà tó ti dọjà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáÌbejì_Mọ́lété, Ọjọ́rú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Tíṣà ni mí, Ìbàdàn níbí ni mo ń gbé. Ní hólídé ọdún méjì sẹ́yìn ni mo lọ kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ ìyá kan ládùúgbò wa. Mi ò ní in lọ́kàn pé mo fẹ́ tà á o, orí mi ló kún nígbà yẹn, mo kàn ń wá nǹkan tí mo lè máa fọwọ́ ṣe tí kì í ṣe ìwé àwọn ọmọ iléèwé tí mo ń máàkì. Ó sì bá mi lára mu. Tó bá ti di Sátidé tí mo ti fọṣọ tán, ẹ̀yìnkùlé lẹ máa bá mi, èmi àti fóòmù tí mo fi ń tẹ wáàsì sára aṣọ kí aró má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Tí mo bá wá yọ aṣọ nínú aró, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí i, tó ń kúrò ní àwọ̀ ewé tó ń di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, àwọn ìbejì mi gan-an á pa eré tì wọ́n á wá dúró wò ó.

Mo wọ ọ̀kan lọ síléèwé lọ́jọ́ kan ni àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi bá ní kí n ṣe fún àwọn náà, ọ̀kan di méjì, méjì di márùn-ún, inú mi dùn, owó yẹn sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Àfi bí ẹnì kan ṣe gbé ọ́dà aṣọ ẹbí wá. Yáàdì 60, èèyàn 12, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Mo gbà á ní 2,500 yáàdì kan. Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, yàtọ̀ sí àwọn alẹ́ tí mo bá ti iléèwé dé, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ láìnídìí. Nígbà tí mo ṣe é tán, àwọ̀ ẹ̀ ò dọ́gba, tàwọn kan ki, tàwọn kan fúyẹ́. Lọ́jọ́ òde náà òjò ká wọn mọ́ ìta, aró aṣọ ẹnì kan tú sára léèsì funfun ẹni tó dúró tì í. Mo dá owó yáàdì márùn-ún padà fún un, ìtìjú sì bá mi.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Aṣọ 90,000. Aró, kọ́sítíìkì àti háídírò (kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sómi kó lè wọ aṣọ) 24,000. Wáàsì àti gáàsì 15,000. Owó ọkọ̀ 5,000. 150,000 ni mo gbà, 16,000 ló kù, mo wá yọ 12,500 tí mo dá padà, ó ku 3,500.

Láti ọjọ́ yẹn mi ò tíì fọwọ́ kan aró, ó ti lé lóṣù kan. Bàbá Ìbejì ní kí n kúkú dáwọ́ títà dúró, kí n máa ṣe é fún ara mi nìkan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a nílò owó yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí ló tún dé tí aró mi fi ń tú?

Ọmọ_Ìtòkú, Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Owó tẹ́ ẹ gbà ti kéré jù. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń tajà, àwa tá à ń ra aṣọ lọ́pọ̀ gan-an kì í tà á níyẹn mọ́ tó bá jẹ́ kámúríìkì tó dáa. Mo mọ ohun tó fà á, ẹ̀rù ń bà yín pé tẹ́ ẹ bá pe owó gidi wọ́n á lọ ra ti Ṣáínà, èyí tí wọ́n ya bátànì wa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ rà á.

Ní ti aró tó ń tú, iyọ̀ àti fínígà ni. Iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, fínígà ife kan, ẹ fomi sí i, ẹ rẹ aṣọ sínú ẹ̀ mọ́jú. Á dì.

Fẹ́mi_Oníṣirò, Ọjọ́rú, 10:25 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ owó yẹn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ ò mọ iye tí wọ́n ná.

Tá a bá pín 134,000 tẹ́ ẹ ná sí yáàdì 60, nǹkan bíi 2,233 ni yáàdì kan jẹ yín lọ́wọ́. Ẹ tà á ní 2,500. Náírà 267 ló kù lórí yáàdì kan, ẹ ò sì tíì ka ọwọ́ yín mọ́ ọn rárá. Ká ní Sátidé kan jẹ́ wákàtí 8, mẹ́ta jẹ́ 24, ká tún ní alẹ́ márùn-ún ní wákàtí méjì méjì, gbogbo ẹ̀ di 34. Ẹ pín 16,000 sí 34, nǹkan bíi 470 náírà ni wákàtí kan, ká tó yọ ti ẹni tẹ́ ẹ dá owó fún.

Ká wá ní ẹ fẹ́ kí wákàtí yín kan jẹ́ 1,000. 34,000 nìyẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sí yáàdì 60 ó ń lọ sí 567. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tẹ́ ẹ ná lé e nítorí aṣọ tó máa bàjẹ́, torí kò sí bí kò ṣe ní bàjẹ́, ìyẹn 223. Àpapọ̀ ẹ̀ 3,023. Ní 3,023 yẹn ẹ ò tíì jèrè o, ọwọ́ yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún. Tẹ́ ẹ bá gba 3,500 sí 4,000, ẹ ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ máa gba ìdajì owó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra aṣọ.

Aláró_Kẹ́mta, Ọjọ́bọ̀, 6:03 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, o kú làálàá. Kẹ́mta l'Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, màmá mi ṣe aró, ìyá tó bí màmá mi náà ṣe é, ìdí ìkòkò aró ni mo dàgbà sí. Má jẹ́ kí ìtìjú mú ọ. Aṣọ tó ń ṣí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ. Nígbà tí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó dé l'Ẹ́gbá tí iṣẹ́ yá ju ti ẹlú, ewé tí a fi ń ṣe aró tẹ́lẹ̀, lọ, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ariwo oníbàárà pọ̀ débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ́gbá, fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó láàárín àwọn ọdún 1930. Àwọn aláró ò gbà, wọ́n fárígá, ọ̀rọ̀ náà le títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1936 láti wádìí ẹ̀. Àwọn tó gbó sídìí iṣẹ́ nìyẹn o.

Ọmọ Ìtòkú, má bínú sí mi, iyọ̀ àti fínígà kọ́. Fínígà wà fún aró tí wọ́n fi ń pa irun àgùntàn àti sílíìkì láró. Iyọ̀ ń ran àwọn aró òyìnbó míì lọ́wọ́ lára òwú. Ṣùgbọ́n aró tí a fi kọ́sítíìkì àti háídírò pò, afẹ́fẹ́ ló ń dì í, kì í ṣe iyọ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kó tú rèé, Ìyá Ìbejì, bi ara ẹ léèrè wọn níkọ̀ọ̀kan. Ṣó o fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ aṣọ náà kó o tó ya nǹkan sí i? Aṣọ tuntun máa ń ní ẹ̀kọ lára, ara ẹ̀kọ yẹn ni aró á dúró sí, kò ní wọnú òwú, tí òjò bá wá pa á, òun àti ẹ̀kọ á jọ kúrò ni. Ṣé òwú pọ́ńbélé ni àbí wọ́n ti fi pọlísítà lú u? Jó fọ́nrán ẹ̀ díẹ̀ wò, òwú á jó di eérú bíi bébà, pọlísítà á yọ́ á sì le bíi ike. Ṣó o jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ tó kó o tó fomi ṣàn án? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rò pé o rì í, o wá bu aró púpọ̀ sí i kó lè tètè dúdú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìṣe. Aró fífúyẹ́ ni kó o rì í sí, kó o yọ ọ́, kó fẹ́ afẹ́fẹ́, kó o tún rì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, bó ṣe ń wọnú òwú nìyẹn. Lẹ́yìn náà kó o fi omi ṣàn án títí omi á fi mọ́, ó lè gba omi mẹ́fà. Kó o tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, mú aṣọ funfun tó tutù kó o fi ra á lára. Tí funfun bá pọ́n búlúù, padà sídìí omi.

Ti àwọ̀ tí ò dọ́gba, ọjọ́ kan náà ni kó o rì gbogbo ẹ̀. Aró máa ń rẹ̀ bó o ṣe ń rì aṣọ sí i. Rì wọ́n lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan ní títò, tó o bá fẹ́ rì wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó kẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni kó o fi ṣíwájú.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́, Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Mo kí màmá o. Mo rí i pé Ìyá Ìbejì ní àwọn ọmọ máa ń dúró wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró jìnnà nígbà tẹ́ ẹ bá ń po kọ́sítíìkì. Inú omi lẹ máa da kọ́sítíìkì sí díẹ̀díẹ̀, ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, ó máa ń hó ta síni lójú. Báàfù rọ́bà tàbí ìkòkò amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìkòkò alumíníọ̀mù, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, awò lójú, kẹ́ ẹ sì wà níta gbangba nítorí èéfín háídírò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìgò. Ẹ má rọ kọ́sítíìkì sínú ìgò kóòkì tàbí ìgò omi. Ọmọ tí mo bójú tó ní wọ́ọ̀dù tó gbé irú ẹ̀ mu, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà. Tó bá ta sójú, omi ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ọsibítù tààrà. Ẹ má fi epo pupa sí i.

Dúpẹ́_Peckham, Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán

Mo ka gbogbo ẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi níbi tẹ́ ẹ ti ní ẹ ò tíì fọwọ́ kan aró fún oṣù kan, torí ó ṣe èmi náà rí. London ni mo wà, ìlú yìí máa ń tutù máa ń ṣókùnkùn títí, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí mo ń fi ọwọ́ rán nírọ̀lẹ́ ló dá mi dúró lọ́dún tí mo pàdánù màmá mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tà á mo gba gbogbo ọ́dà tó bá ṣáà ti wá. Láàárín oṣù mẹ́jọ mo kórìíra abẹ́rẹ́.

Ohun tó gbà mí ni pé mi ò gba ọ́dà mọ́. Mo ń ṣe ohun tó bá wù mí, ìrọ̀rí, síkáàfù, aṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, tó bá pé mẹ́wàá mo ya fọ́tò wọn mo gbé e síta. Ẹni tó bá wù ú á rà á bó ṣe wà. Tí àwọ̀ ò bá dọ́gba, ó ti rí i kó tó rà á. Owó ẹ̀ kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ó ń dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí pẹ̀lú mi, tí gbogbo ohun tẹ́ ẹ tà láàárín ọdún ìṣúná kan ò bá ju 1,000 pọ́n-ùn lọ, ẹ ò ní san owó orí lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ fi aṣọ ẹbí sílẹ̀.

Kúnlé_Òṣogbo, Ọjọ́bọ̀, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn Peckham nìyẹn. Ta ló máa ra aṣọ ara ògiri ní Mọ́lété? Níbí, aṣọ ẹbí lowó wà. Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ìlú tí Mama Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, ti ń kọ́ àwọn èèyàn láti bíi 1983, aṣọ ẹbí àti aṣọ ilé ìjọsìn ni mo fi ń rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Èèyàn ò lè máa dúró kí ó wù ú kó tó ṣiṣẹ́.

Bọ̀dá Fẹ́mi náà, ìṣirò yín dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pe 4,000 fún ìyá ìyàwó tó fẹ́ yáàdì 60, á kàn sọ pé òun ń bọ̀ ni. 3,200 ni kí Ìyá Ìbejì pè, kó ra aṣọ ní bọ́ńdù kó lè dín lówó. Kó sì wá ọmọṣẹ́ kan.

Fẹ́mi_Oníṣirò, Ọjọ́bọ̀, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Kúnlé, 3,200 lè ṣiṣẹ́ fún ẹ torí iṣẹ́ tó ò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, o ní báàfù, o ní ọmọṣẹ́, wákàtí tó o fi ń ṣe 60 ò tó 34. Sátidé nìkan ni Ìyá Ìbejì ní. Ẹ ò lè fi iye kan náà tà á.

Ọmọ_Ìtòkú, Ọjọ́bọ̀, 8:02 alẹ́

Màmá Kẹ́mta, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo fínígà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi, mi ò purọ́.

Aláró_Kẹ́mta, Ọjọ́bọ̀, 8:31 alẹ́

Dìde, ọmọ mi. Mo gbà pé o rí i pé ó ṣiṣẹ́. O rẹ aṣọ sómi mọ́jú, lọ́jọ́ kejì o tún fomi ṣàn án, àjẹkù aró tó wà lára ẹ̀ bá a lọ. Omi ló ṣe é. Lọ́jọ́ míì rẹ ọ̀kan sómi lásán, kó o rẹ ìkejì sí fínígà, kó o fi aṣọ funfun ra àwọn méjèèjì wò.

ÌyáÌbejì_Mọ́lété, Ọjọ́ Ẹtì, 9:50 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Màmá, mo kúnlẹ̀ o. Mi ò fi omi gbígbóná fọ aṣọ náà tẹ́lẹ̀, mo ṣáà rí i pé ó funfun. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sì rì í lóòótọ́.

Nọ́ọ̀sì, mo dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, inú ìgò omi ni mo rọ èyí tó ṣẹ́ kù sí. Mo ti kó o kúrò níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, nígbà tí mo ronú sí i, yíya bátànì gan-an ló máa ń dùn mọ́ mi. Rírì, fífún, gbígbé omi, ibẹ̀ ló ń pa mí. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé tí mi ò bá rì í fúnra mi, ṣé mo lè pè é ní iṣẹ́ mi? Ṣé kì í ṣe èrú?

Aláró_Kẹ́mta, Sátidé, 6:15 àárọ̀

Ìbéèrè ẹ yìí dùn mọ́ mi nínú, torí nǹkan tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ nìyẹn. Láyé àtijọ́, ọ̀tọ̀ ni aládìrẹ, ọ̀tọ̀ ni aláró. Aládìrẹ ló ń ra aṣọ, òun ló ń ta ìko mọ́ ọn, tàbí kó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i (ẹlẹ́kọ nìyẹn), tó bá ṣe tán á gbé e lọ fún aláró, á sanwó rírì. Ọ̀pọ̀ aṣọ tó bọ́ sí ọwọ́ màmá mi, òun kọ́ ló ya á. Ó máa ń mọ ọwọ́ oníkálukú, á ní èyí ti lágbájá ni, wo bó ṣe fa ìlà ẹ̀. Màmá mi àgbà kì í sì í ṣí ìkòkò aró láìkọ́kọ́ kí Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin. Oníkálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé èrú ni.

Wá aláró tó mọṣẹ́, máa sanwó fún un, kó o fi owó yẹn kún iye tó ò ń pè. Ìwọ jókòó ti yíyà.

Kúnlé_Òṣogbo, Sátidé, 8:40 àárọ̀

Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Mo ń rì aṣọ fún èèyàn méjì tó ń ya ẹlẹ́kọ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ bá aláró náà sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ẹ bá ń ya ẹlẹ́kọ, aró tútù ló gbọ́dọ̀ rì í sí, tó bá gbóná ẹ̀kọ á yọ́ bátànì á sì dàrú.

Dúpẹ́_Peckham, Sátidé, 11:05 àárọ̀

Kẹ́ ẹ sì fi yáàdì kan péré dán aláró yẹn wò ná. Kúnlé, o jàre lórí Mọ́lété, mo gbà.

ÌyáÌbejì_Mọ́lété, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Àìkú, 7:22 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo rí aláró kan. Mo fi yáàdì kan dán an wò, mo fi aṣọ funfun ra á bí màmá ṣe wí, funfun náà funfun ni. Mo gba ọ́dà kan, yáàdì 20, kì í ṣe 60, mo pe 3,800, obìnrin náà ná an títí ó san 3,600, ó sì san ìdajì sílẹ̀. Lẹ́yìn tí mo sanwó aṣọ àti ti aláró, 17,000 ló kù sí mi lọ́wọ́. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi ya á, mi ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì wá bèèrè yáàdì 80 fún oṣù tó ń bọ̀, mo sọ fún un pé mi ò lè ṣe é, mo ní kó lọ bá Kúnlé.

Sátidé àná mo ya tara mi. Bátànì Ìbàdàndùn ni mo dáwọ́ lé, ẹlẹ́kọ, mo ti fojú sí i lára tipẹ́. Àwọn ìbejì ń ka òpó gbọ̀ngàn Màpó inú ẹ̀, Kẹ́hìndé ní ṣíbí tó wà láàárín àwọn òpó yẹn ni ti òun. Àmọ́ màmá, ẹ̀kọ náà sán nígbà tó gbẹ, ní ìlà ìlà báyìí, ẹ̀rù ń bà mí pé aró á gba ibẹ̀ wọlé. Kí ni mo ṣe?

Aláró_Kẹ́mta, Àìkú, 8:10 alẹ́

Oòrùn lo sá a sí. Abẹ́ òrùlé ni kó ti gbẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ̀kọ ẹ sì ki jù. Láfún tó o máa lò tún ún jọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, fi álọ́ọ̀mù sí i nígbà tó o bá ń sè é, kó o rò ó kó máa fà bí ògì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, tó bá ti tutù kó o tún fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ní kí àwọn ìbejì bá ọ di aṣọ náà mú nígbà tó o bá ń sẹ́ ẹ. Èyí tó ti sán yẹn, má jù ú nù, fi ẹ̀kọ dí ojú ibi tó là yẹn, kó o jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó o tó gbé e lọ. Fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ tó bá ti aró dé, mo fẹ́ rí ọwọ́ ẹ.